Àpò Abẹ́ Bùbá

Bàbá mi, ẹ̀yin tí mo ṣì ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀ láìmọ̀,

Ẹ kú àtijọ́, sà. Inú ọkọ̀ ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, ní Grayson, lẹ́bàá Atlanta níbí, níwájú ilé ìyá arúgbó kan tó ṣubú nínú balùwẹ̀, tí mo ń kọ́ ní ìrìn padà. Mo tètè dé. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi ní títètè dé. Ìyá yìí ò fẹ́ kí wọ́n kan ilẹ̀kùn òun kí àsìkò tó tó, nítorí náà mo pa ọkọ̀, mo gbé ìwé lé itan, mo ní kí n bá yín sọ̀rọ̀ díẹ̀.

Mọ́mì wà. Ara wọn le. Ẹ̀jẹ̀ ríru wọn ti wálẹ̀. Wọ́n ṣì ń sùn sí apá òsì ibùsùn, wọ́n fi apá ọ̀tún sílẹ̀ fún yín, wọ́n á tún na aṣọ ibẹ̀ láàárọ̀ bí ẹni pé ẹnìkan dìde níbẹ̀. Sálúbàtà yín wà lẹ́nu ilẹ̀kùn gáréèjì. Kò sẹ́ni tó gbé e kúrò. Tí mo bá ń kánjú jáde, mo máa ń yà fún un.

Títí di àìpẹ́ yìí, ní ìdájí, mo máa ń gbọ́ tí ẹnìkan ń ti ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì. Á tì í, á lọ, á tún padà wá tì í lẹ́ẹ̀kejì, bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Ẹni tó fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ omi n'Íbàdàn, báwo ló ṣe máa fojú rí omi tó ń kán dànù? Mo máa ń dìde lọ wò. Kò sí ẹnikẹ́ni, inú abọ́ ìfọwọ́ á sì gbẹ. Ṣé ẹ̀yin ni? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, kí ló dé tẹ́ ẹ kì í dúró dè mí?

Bàbá mi, mo ra ìbọn.

Ìbọn ìléwọ́ ni, kékeré, irú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ aṣọ tí ẹni tó dúró tini ò ní mọ̀. Mo mọ̀ pé ojú yín á ti yí padà báyìí. Ẹ ti gba ìbọn oníke lọ́wọ́ mi rí, lọ́jọ́ Kérésìmesì, ní ojú gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ mi. Ẹ ò nà mí, ẹ ò bá mi wí. Ẹ kàn mú un wọlé, ẹ sì gbé bọ́ọ̀lù jáde dípò rẹ̀. Bọ́ọ̀lù náà dára, ṣùgbọ́n ìbọn yẹn ni mo sunkún fún títí tí mo fi sùn. Ẹ ò sọ ìdí rẹ̀ fún mi rí. Mi ò sì béèrè nígbà tí ẹnu yín ṣì lè dá mi lóhùn.

Ohun tó gbé mi dé ibẹ̀ ni ọjọ́ Sátidé yẹn. Ìkómọ lẹ ti ń bọ̀ ní Stone Mountain, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run, ẹ wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ sánmà tí Mọ́mì rán fún yín. Ẹ yà sí ilé epo. Àwọn ọlọ́pàá ní kí a wá wo ohun tí kámẹ́rà ibẹ̀ rí. Mọ́mì ní àwọn ò wò ó, ojú tí àwọn fi rí yín ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn tó àwọn. Èmi wọ inú yàrá kékeré yẹn, mo wò ó. Kò ní ohùn. Ọmọkùnrin kan tó fi fìlà tó so mọ́ aṣọ rẹ̀ bo ojú rìn dé ọ̀dọ̀ yín, ó na ìbọn. Ẹ ò sá, ẹ ò jà. Ẹ mi orí bí ẹni tó ti gbọ́ ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ẹ fi ọwọ́ òsì ká etí bùbá yín sókè, ẹ sì ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀. Ó yìn ín. Ó sá lọ, kò mú ohunkóhun. Wọn ò tíì rí i títí di òní.

Gbogbo ẹni tó mọ̀ yín ló mọ ohun tí ọwọ́ yín lọ mú. Àpò tí Mọ́mì máa ń rán sí inú ìbàdí gbogbo ṣòkòtò yín ni, lápá ọ̀tún, níbi tí bùbá á ti bò ó mọ́lẹ̀. Láti ìgbà tí àwọn jáwójáwó ti yọ owó oṣù yín lápò ní Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn ni wọ́n ti ń rán an. A kó àṣà náà wá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú ẹrù. Kódà ṣòkòtò tí a rà ní ṣọ́ọ̀bù níbí, Mọ́mì á tú ìbàdí rẹ̀, wọ́n á fi àpò yẹn sí i. Pọ́ọ̀sì yín ló wà níbẹ̀. Ẹ fẹ́ fún un ni. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ sì fi lọ mú un, torí pé ẹ ò fọwọ́ òsì fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan rí, olè náà pẹ̀lú.

Kí ló wá dé tó fi yìnbọn lu ẹni tó ń mú owó bọ̀ fún un? Ìbéèrè yìí ni mo gbé sùn, tí mo gbé jí. Mo bi Ọlọ́run. Mo bi ọlọ́pàá tó fún mi ní bébà ìnujú. Mo bi yín níbi sàréè, mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí.

Láti ìgbà náà, mi ò lè dúró nílé epo kí n má wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ mi sì ni kí n máa wọ ilé ẹni tí mi ò mọ̀, ní àdúgbò tí mi ò mọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí jókòó sí ìlà ẹ̀yìn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Uncle Ṣọ́jà ló kọ́kọ́ rí i. Ẹ rántí wọn, àwọn tó máa ń dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú kóòtù dúdú, tí wọ́n ṣe ológun fún orílẹ̀-èdè yìí títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì, tí Pásítọ̀ fún láyè láti máa gbé ìbọn sábẹ́ kóòtù ká lè jọ́sìn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Wọ́n fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́yìn ìsìn.

"Ìwọ ọmọ yìí, o ń wo ilẹ̀kùn ju pẹpẹ lọ. Ṣé iṣẹ́ mi lo fẹ́ gbà ni?"

Mo ní, "Rárá sà. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Wọn ò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ọjọ́ tí ọwọ́ wọn dilẹ̀, wọ́n gbé mi lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Norcross, láàárín ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àti ilé oúnjẹ àwọn ará Kòríà. Ìyá aláwọ̀ dúdú kan ló ni ibẹ̀, ọmọ Atlanta gan-an, irun rẹ̀ funfun, awò ojú rẹ̀ so rọ̀ mọ́ ọrùn. Ọmọ mi ló ń pe gbogbo ènìyàn. Mo rò pé ibi tí mo ń lọ á dà bí ilé àwọn jàǹdùkú, ṣùgbọ́n ó dà bí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta bàtà: wọ́n ní kí n na ọwọ́, wọ́n wo àtẹ́lẹwọ́ mi, wọ́n bi mí bóyá mo máa ń wọ aṣọ fífẹ̀ tàbí èyí tó fún mọ́ra.

"Kí lo fẹ́ fi ṣe, ọmọ mi?"

"Mo fẹ́ máa padà délé ni, mà."

Wọ́n mi orí. Wọ́n kọ́kọ́ gbé èyí tó kéré jù fún mi, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Uncle Ṣọ́jà bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé ẹ̀fọn ló fẹ́ fi pa?"

Ìyá náà ní, "Ẹni tí wọ́n bá na èyí sí kò ní rẹ́rìn-ín, Ṣọ́jà. Ṣùgbọ́n kò dára fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìbọn bá ti fúyẹ́ tó ló máa ń ta ọwọ́ tó."

Òótọ́ ni. Ìka kékeré mi ò tilẹ̀ rí ibi dúró lára rẹ̀. Èyí tó tóbi dùn ún dì mú, ṣùgbọ́n ó yọ gọngọ lábẹ́ aṣọ bí ẹni tó gbé ọmọ ọlọ sí ìbàdí. Èyí tó wà láàárín wọn ni wọ́n wá gbé jáde gbẹ̀yìn. Àlòkù ni, ọta mẹ́wàá ló ń gbà, irú ọta tí wọ́n ń tà níbi gbogbo tí kì í wọ́n. Mo lè fa òkè rẹ̀ sẹ́yìn láìjà. Iye tí wọ́n pè é kò ju ti táyà mẹ́rin tí mo rà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ lọ. Mo fẹ́ ra èyí tó ń dán, tó jẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n ìyá náà ní kí n má náwó mi tán lórí irin. Wọ́n ní kí n ra àpò ìbọn tó le dáadáa, tó bo ibi tí ìka ń fà, kí n sì fi ìyókù ra ọta tí mo máa fi kọ́ṣẹ́. Wọ́n ní ọ̀pọ̀ ń ra ìbọn olówó gọbọi, wọ́n á wá kì í bọ àpò lásán, á yìn lára wọn.

Bí mo ṣe dì í mú, ọwọ́ yín ni mo rí. Àtẹ́lẹwọ́ yín tó fẹ̀, àtàǹpàkò yín tó kúrú. Mi ò mọ̀ pé ọwọ́ mi ti dà bí tiyín tó bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí pé ara nǹkan yẹn ni mo ti rí i.

Ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni ibi ìdánrawò wà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo yìn ín, mo di ojú mi. Bébà tí wọ́n ya ènìyàn sí dúró láìní ihò kankan.

Uncle Ṣọ́jà pariwo sí mi létí, "Ó kú iṣẹ́ o! O ti dárí jì í."

Mo rẹ́rìn-ín, Bàbá mi. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fi máa yin ìkẹta, ọwọ́ mi ti balẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni ìyá yẹn mú mi lọ síwájú dígí gígùn kan. Wọ́n fún mi ní ìbọn oníke aláwọ̀ búlúù, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni, wọ́n sì fi àpò rẹ̀ há mi ní ìbàdí lápá ọ̀tún. Wọ́n ní kí ènìyàn ra ìbọn rọrùn, yíyọ ọ́ lábẹ́ aṣọ ni iṣẹ́.

"Ọwọ́ òsì ká etí aṣọ. Gbé e sókè dáadáa, kó má bàa há. Ọwọ́ ọ̀tún wọlé. Ìgbọ̀nwọ́ sẹ́yìn. Tún un ṣe."

Mo tún un ṣe. Mo wo dígí. Ẹ̀yin lẹ dúró níbẹ̀.

Mi ò sọ pé ẹni tó jọ yín. Ẹ̀yin ni. Èjìká òsì tó gbé sókè díẹ̀, orí tó tẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún tó ń wọ abẹ́ aṣọ lọ. Ohun tí mo wò nínú yàrá àwọn ọlọ́pàá, tí mo wò títí tí mo fi mọ ibi tí òjìji yín ṣubú sí, òun náà ni wọ́n ń kọ́ mi yìí. Kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín bàbá tó fẹ́ mú pọ́ọ̀sì lábẹ́ bùbá àti ọkùnrin tó fẹ́ fa ìbọn yọ. Ìyá náà ò mọ ohun tó ṣe mí. Wọ́n ń bá ẹ̀kọ́ wọn lọ.

"Ìdí nìyẹn tí o ò gbọdọ̀ ṣe báyìí níwájú ẹni tó na ìbọn sí ẹ. Ó lè jẹ́ owó lo fẹ́ mú. Òun ò ní dúró wò ó."

Ìgbà tí wọ́n rí ojú mi ni wọ́n gbé àga wá.

Nínú ọkọ̀, mo sọ ohun gbogbo fún Uncle Ṣọ́jà. Wọ́n gbọ́ mi tán. Iná ojú pópó yí padà, wọn ò wa ọkọ̀ lọ, títí àwọn tó wà lẹ́yìn wa fi ń fun fèrè.

"Ta ló rán àpò yẹn?" Wọ́n mọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu ara mi ni.

"Mọ́mì."

"Ó dáa. A jẹ́ pé èmi àti ìwọ nìkan ló mọ ohun tí àpò yẹn fà. Ó gbọdọ̀ parí sí àárín èmi àti ìwọ. Ṣé o gbọ́ mi? Obìnrin yẹn ò gbọdọ̀ gbọ́."

Mo dáhùn pé mo gbọ́. Mo ṣì lọ ra ìbọn náà ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ má bi mí ní ìdí. Ó yẹ kí n sá fún un, ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí mo ní tẹ́lẹ̀ ti di méjì.

Ọjọ́ tí mo gbé e délé, mo bá Mọ́mì nídìí máṣíìnì ìránṣọ wọn ní pálọ̀. Ṣòkòtò mi ló wà lórí rẹ̀, èyí tí mo máa wọ̀ síbi ìdúpẹ́ ọdún kejì yín. Wọ́n ti tú ìbàdí rẹ̀. Aṣọ pélébé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn tí wọ́n ti gé, tí wọ́n ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí.

"Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Àpò bàbá rẹ ni. O ti dàgbà tó ẹni tó ń gbé e."

"Ẹ fi sílẹ̀, mà. Àpò ẹ̀gbẹ́ ti tó mi."

"Kí wọ́n lè yọ ọ́ lẹ́yìn rẹ bí ẹni yọ jìgá? Jókòó jẹ́ẹ́."

"Kò sí jáwójáwó ní Atlanta, Mọ́mì. Káàdì la fi ń náwó."

"Káàdì ọ̀hún ńkọ́? Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn ni?" Wọ́n tẹ máṣíìnì. Wọ́n tún dá a dúró. Wọn ò wo ojú mi. "Ọmọ mi, ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ́ kí n rí oorun sùn. Ọmọ burúkú yẹn gba bàbá rẹ lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n kò rí kọ́bọ̀ mú lára wọn. Pọ́ọ̀sì wọn wà níbi tí mo fi í sí. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ò jẹ́ kó jẹ èrè ẹ̀jẹ̀ wọn. Jẹ́ kí n rán an fún ẹ."

Bàbá mi, kí ni ẹ bá sọ? Ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀nà ẹnu wọn. Mo ní kí wọ́n rán an. Mo bá wọn ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ nítorí pé ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́.

Ọjọ́ Àìkú ìdúpẹ́ dé. Mo wọ bùbá. Pọ́ọ̀sì mi wà nínú àpò Mọ́mì lápá ọ̀tún, ìbọn mi sì wà lára ìgbànú lórí rẹ̀ gan-an, bùbá bo méjèèjì. Mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó fún mi láyè láti gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Síbẹ̀, mo gbé e wọlé. Ẹ ò ní mọ bí ó ṣe ń rí: ìbàdí mi ni mo ń gbọ́, mi ò gbọ́ ìwàásù. Nígbà tí ó kan ọrẹ, gbogbo àwọn bàbá dìde, wọ́n ń ká bùbá, wọ́n ń ká agbádá, ọwọ́ wọn ń wọ inú lọ. Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní irú àpò yẹn. Gbogbo wọn ni ìyàwó wọn rán an fún. Níbikíbi tí mo bá wò, ẹnìkan ń ṣe bí ẹ ti ṣe.

Wọ́n pe ìdílé wa síwájú. Pásítọ̀ dárúkọ yín nínú àdúrà, Mọ́mì sì bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Ìgbà yẹn ni ẹnìkan yára jáde láti ẹ̀gbẹ́, ó ń bọ̀ wá bá Mọ́mì tààrà, ó fi ọwọ́ òsì ká agbádá rẹ̀ sókè, ó ti ọwọ́ ọ̀tún bọ abẹ́ rẹ̀.

Mi ò rò ó. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò rò ó. Bùbá mi ti wà lókè. Ìka mi ti dì í mú, irin náà tutù, ó ti kúrò ní ìsàlẹ̀ àpò rẹ̀ díẹ̀.

Ọwọ́ kan dì mí mú ní ìgbọ̀nwọ́. Uncle Ṣọ́jà ni. Wọn ò fà mí, wọ́n kàn di ìgbọ̀nwọ́ mi mú kí ó má lè lọ sẹ́yìn mọ́. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún ìjọ bí ẹni tó wá dì mọ́ mi nítorí ìbànújẹ́.

Ẹni tó ń bọ̀ ni bàbá tó máa ń ta dráfù pẹ̀lú yín lọ́jọ́ Sátidé, ẹni tí ẹ máa ń jẹ tí ó máa ń bínú. Aṣọ ìnujú funfun ló fà yọ lábẹ́ agbádá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún fún Mọ́mì. Mọ́mì kúnlẹ̀ gbà á.

Uncle Ṣọ́jà mú mi jáde. Láàárín àwọn ọkọ̀, wọ́n na ọwọ́.

"Mú un wá." Mo fún wọn. Wọ́n yọ ọta rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ mú un. "Pásítọ̀ fún èmi láyè. Ta ló fún ẹ? Ẹni tó bí ẹ lọ́mọ, ọ̀rẹ́ wọn lo fẹ́ fi ṣe ìrántí ọdún kejì wọn?"

"Ẹ má bínú, sà."

"Mi ò bínú. Èmi ni mo gbé ẹ lọ rà á." Wọ́n jókòó sórí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọn. "Ó ti tán. Mo ní kí n ràn ẹ́ lọ́wọ́ ni. Ó ti tán."

Wọ́n dá ìbọn náà padà fún ìyá tó wà ní Norcross. Mi ò bá wọn lọ.

Bàbá mi, mo ti rí ìdáhùn sí ìbéèrè mi, mi ò sì fẹ́ ẹ mọ́. Kí ló dé tó yìnbọn? Kò mọ̀ yín. Kò mọ àpò Mọ́mì. Kò mọ Dùgbẹ̀. Ó rí ọwọ́ kan tó wọ abẹ́ aṣọ, ọwọ́ tirẹ̀ sì ṣe ohun tí ọwọ́ mi fẹ́ ṣe nínú ilé Ọlọ́run. Kò sí ẹni tó di ìgbọ̀nwọ́ tirẹ̀ mú. Ìyẹn nìkan ló wà láàárín wa. Mi ò dárí jì í. Mo ṣì ń fẹ́ kí wọ́n rí i, kí ó dúró níwájú adájọ́, kí ó sọ orúkọ yín lẹ́nu. Ṣùgbọ́n tẹ́lẹ̀, tí mo bá ń rí i lójú oorun, kì í ní ojú. Ní báyìí ó ti ní. Ẹ mọ ojú ẹni tó jẹ́.

Ṣé ẹ̀yin náà rí mi lọ́jọ́ yẹn? Ṣé ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbọ́ ẹ̀rọ omi mọ́ ní ìdájí? Ẹ jọ̀ọ́, bí ó bá jẹ́ pé ẹ bínú ni, ẹ bínú, ṣùgbọ́n ẹ wá.

Nígbà tí mo ń wa Mọ́mì lọ sílé lẹ́yìn ìdúpẹ́, aṣọ ìnujú bàbá yẹn wà lórí itan wọn. Wọn ò rí ohunkóhun. Wọ́n rò pé ẹkún ló gbé mi jáde. Wọ́n nawọ́ wá, wọ́n fọwọ́ kan ìbàdí mi lórí bùbá, níbi tí pọ́ọ̀sì mi nìkan ṣẹ́kù sí.

"Àpò yẹn ńkọ́? Kò ha ẹ́ lára?"

Mo ní, "Kò ha mí, mà."

"Ó gbé nǹkan rẹ dúró?"

"Ó gbé e dúró, Mọ́mì. Ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ọwọ́ yín dára."

Wọ́n mi orí. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n gbé orí lé fèrèsé ọkọ̀, oorun sì gbé wọn lọ kí a tó dé ilé.

Èmi ni, ọmọ yín ọkùnrin, tí ìfẹ́ yín ò jẹ́ kí n sinmi.